Ọwọ́ mi ti ń bọ̀

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Táyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Jámánì ńkọ́? Má bínú pé o kò gbúròó mi. Páànù ló gé mi lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún níbi tí mo ti ń fa wáyà nínú àjà. Wọ́n ti rán iṣan ìmọ̀lára tó gé pọ̀, àmọ́ bí mo bá fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka mú ìṣó, àfi kí n wò ó kí n tó mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ èyí.

Dókítà gbọ́ pé iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, ló bá fi wáyà ṣàlàyé. Ó ní okùn iṣan náà ní rọ́bà tirẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kan ló ń wé mọ́ ọn yípo yípo, bí a ṣe ń wé tépù dúdú mọ́ ojú wáyà. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ìwérí yẹn. Máyẹ́lìn ni wọ́n ń pè é. Ará ọ̀dọ̀ yín, Theodor Schwann, ni wọ́n fi sọ sẹ́ẹ̀lì náà lórúkọ.

Ibi tí mo ti bá a jiyàn ni pé àlàfo wà láàrin sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, tí okùn wà ní ìhòòhò. Wáyà ìhòòhò! O ṣì rántí ìgbátí ọ̀gá wa? Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ gan-an ni iná ara ti ń gba agbára kún, tó ń fò láti àlàfo dé àlàfo. Ó lè sáré tó mítà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn tí kò ní ìwérí kì í sábà ju mítà 2 lọ.

Òkú ni rọ́bà tiwa, Táyọ̀. Tara kì í ṣe òkú. Okùn tó kù síhà ìka mi ti jẹrà, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì Schwann wà láàyè. Wọ́n ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, wọ́n tò bíi páìpù tí a rì sínú ògiri, okùn tuntun sì ń gba inú rẹ̀ bọ̀, bíi mìlímítà 1 lójúmọ́. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n láti ojú ọgbẹ́ dé orí ìka: sẹ̀ǹtímítà 18. Ṣe ìṣirò rẹ̀ wò.

Dókítà máa ń fi ìka gbá ọwọ́ mi jẹ́jẹ́. Ibi tí okùn tuntun bá dé, á ṣe mí bíi pé iná fẹ́ gbé mi. Lóṣù méjì sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ ni. Lánàá, ó ti dé àárín àtẹ́lẹwọ́.

Ìyàwó mi ní n kò gbọdọ̀ gún iyán, àfi bí ẹni pé mo ti ń gún un tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n kí ọ.

Èmi ni,
Délé