Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìgbìmọ̀ Ọgbà Ìtura Ìlú Minneapolis: Alẹ́ Méjì Lọ́sẹ̀ fún Àwọn tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Síkì

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìtura ìlú Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota.

Ẹ̀yin alàgbà tí a bọ̀wọ̀ fún,

Àwa tí a kọ ìwé yìí ni àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù síkì, pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lọ lórí òjò dídì, káàkiri Minneapolis àti St. Paul, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ wa tó ń tún síkì ṣe, tó ń wọn ẹsẹ̀ oníbàárà fún bàtà, tó sì ń fi áyọ́ọ̀nù yọ́ ìda sí abẹ́ síkì kó lè máa yọ̀ dáadáa, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá títí òjò dídì yóò fi yọ́ tán. A wá bẹ Ìgbìmọ̀ yín pé kí ẹ ya alẹ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá títí di òpin oṣù Kejì, lórí apá kan ojú ọ̀nà òjò dídì àfẹ̀rọṣe tó wà ní ọgbà Theodore Wirth, fún àwọn ọmọdé àti àgbàlagbà tí wọn kò wọ síkì rí. A sì bẹ̀ yín kí ẹ fún wa láyè láti kó síkì, bàtà àti ọ̀pá wá síbẹ̀ kí wọ́n lè lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbà òtútù ọdún 2023 sí 2024 ló sún wa dé ìdí ẹ̀bẹ̀ yìí. Òun ni àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ fi hàn pé ó móoru jù lọ láti ìgbà tí a ti ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Kí ìgbà òtútù náà tó wọlé, àwọn òbí wá háyà síkì fún àwọn ọmọ wọn fún gbogbo sáà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n dá wọn padà ní oṣù Kẹta, a dojú wọn dé lórí tábìlì iṣẹ́ kí a lè fọ̀ wọ́n, a sì rí i pé ìda tí a fi sí abẹ́ púpọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n ń lọ ṣì wà níbẹ̀ bí a ṣe fi í síbẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ náà kò rí òjò dídì tí wọn ì bá fi wọ̀ wọ́n. A kò rí ibi tí òkúta kankan ti ha wọ́n. Owó háyà ti wọ àpò wa ní tiwa, a kò sì lè sọ pé a pàdánù lórí àwọn síkì wọ̀nyẹn. Àmọ́ ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún 7 nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé síkì náà lọ ti di ọmọ ọdún 8 kó tó tún rí àǹfààní mìíràn, bàtà yẹn kò sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àtikékeré ni Ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Ọdún kan tó bọ́ lọ lọ́wọ́ ọmọdé nínú ẹ̀kọ́ síkì kì í rọrùn láti gbà padà.

Ní sáà kan náà, àwọn tó máa ń sá eré síkì tí wọ́n ń pè ní American Birkebeiner ní Wisconsin, eré kìlómítà 50 tó máa ń gba inú igbó láti ẹ̀bá Cable wọ ìlú Hayward, wá ń yí po lórí ojú ọ̀nà kìlómítà 10 tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Ọgbà Wirth tiwa náà gba àlejò ìdíje World Cup ní ọjọ́ 17 àti 18 oṣù Kejì ọdún 2024, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú síkì ọ̀nà jíjìn ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2001. Ẹ̀yin náà rí bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bí Jessie Diggins, ọmọ ìlú Afton ní Minnesota níbí, ṣe gba ipò kẹta nínú eré kìlómítà 10, tí Gus Schumacher láti Alaska sì gbégbá orókè nínú ti àwọn ọkùnrin. Inú wa dùn débi pé àwọn kan nínú wa sunkún, a kò sì tijú láti kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú àwọn òbí wọn, tí wọ́n ń béèrè ibi tí àwọn náà ti lè gbìyànjú rẹ̀ wò. A ní síkì tó bá wọn mu, a ní bàtà. Ilẹ̀ tí a ó tọ́ka sí fún wọn ni kò sí, nítorí pé koríko gbígbẹ ló wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn àgbà wa ti kọ́ síkì.

Òjò dídì àfẹ̀rọṣe ni ìrètí tó kù ní irú ọdún bẹ́ẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá ti tutù tó nǹkan bíi 28 lórí ìwọ̀n Fahrenheit tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ẹ̀rọ á fọ́n omi sókè wínníwínní, á dì kó tó balẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á sì fi ọkọ̀ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Nǹkan olówó iyebíye ni, ojú ọ̀nà tó sì máa ń tibẹ̀ jáde kì í gùn. Nítorí náà la ṣe mọ̀ pé ohun tí a ń béèrè wúwo. Àwọn ẹgbẹ́ ilé ìwé gírámà ń gbára dì níbẹ̀ lẹ́yìn iléèwé, àwọn àgbà eléré ìje náà ń wá lálẹ́, eré tiwọn sì yá ju kí ọmọ tó ń ṣubú ní gbogbo ìṣẹ́jú wà láàárín wọn lọ. Àwọn wọ̀nyí ni oníbàárà wa tó dára jù lọ; àwọn ló ń ra síkì tuntun lọ́dọọdún. Síbẹ̀, a ti jókòó rò ó, a sì gbà pé ó tọ́ kí wọ́n fi wákàtí mẹ́rin sílẹ̀ lọ́sẹ̀ lórí apá kékeré kan tó tẹ́jú, nítorí pé bí kò bá sí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, kò ní sí ẹni tí yóò wọ ẹgbẹ́ ilé ìwé náà ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́, ni a rò pé yóò dára, lábẹ́ iná tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nípa irinṣẹ́, ó ti rọrùn ju ti àtijọ́ lọ láti kọ́ ẹni tuntun. Láyé àtijọ́, olùkọ́ ní láti mọ bí òtútù ṣe rí lọ́jọ́ náà kó tó mọ ìda tí yóò fi sí àárín síkì kó lè di ilẹ̀ mú. Bí ó bá ṣì í, ọmọ á máa yọ̀ sẹ́yìn, á sì sú u kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní báyìí, púpọ̀ nínú síkì tí a ń fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní awọ onírun tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́, tí irun rẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn: ó ń yọ̀ lọ síwájú, ó sì ń di ilẹ̀ mú bí ẹsẹ̀ bá ń tì í sẹ́yìn. Kò nílò ìda dídì-mú kankan. Irú èyí ni a ó kó wá, kí alẹ́ kan lè tó fún ọmọdé láti rìn yí ọ̀nà kékeré náà ká.

Ọ̀rọ̀ ìda yìí gan-an tún jẹ́ ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wa káàkiri àgbáyé fi ta ìda tó ní kẹ́míkà fluorine nínú, nítorí pé ó ń lé omi àti ìdọ̀tí sá lórí òjò dídì tó rọ̀. Inú ẹbí kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní PFAS ló wà, èyí tí kì í jẹrà. Ó máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń yọ́ ọ nínú yàrá, ibi tó bá sì ti bọ́ lára síkì ló ń bá omi lọ. Àjọ síkì àgbáyé, FIS, fòfin dè é nínú ìdíje láti sáà 2023 sí 2024, òfin Minnesota tí a fi orúkọ Amara Strande, ọ̀dọ́bìnrin tó jà fún un kó tó kú, sọ sì fòpin sí títà á ní ìpínlẹ̀ yìí láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025. A fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn. Ohun tó ń kó wa lọ́kàn sókè ni àwọn èyí tó ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ àwọn ènìyàn nílé, tí wọ́n rà lówó ńlá, tí wọ́n sì ń lò díẹ̀díẹ̀. Òjò dídì ọgbà Wirth, bí ó bá yọ́, odò Bassett Creek ló ń lọ, Bassett Creek sì ń wọ odò Mississippi. A bẹ̀ yín kí ẹ gbà wá láyè láti gbé àpótí kan sí ẹnu ọ̀nà ní àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi ìda àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwa ni a ó máa kó o lọ sí ibi tí ìjọba ti ń gba ìdọ̀tí olóró, a ó sì fi ìda tí kò ní fluorine pa síkì ẹni tó bá mú tirẹ̀ wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti ojúṣe wa, síkì àti bàtà ọgọ́ta ènìyàn, ó kéré tán, ni a ó máa kó wá lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti ìwọ̀n bàtà ọmọ ọdún 4 títí dé ti àgbàlagbà. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ni yóò máa kọ́ni, àwa ni a ó sì san owó wọn. A ó gba ìwé adójútòfò fún gbogbo sáà. A kò ní ta ohunkóhun níbẹ̀, a kò sì ní gbé pátákó ìpolówó kankan dúró. Ohun tí a ń tọrọ lọ́wọ́ yín ni ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí yóò kárí gbogbo sáà, dípò kí á máa gba òmíràn fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó yá síkì lọ́wọ́ wa má sanwó ìwọlé ní alẹ́ yẹn, àti ibi kékeré kan tí a ó ti lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn irinṣẹ́ náà.

Bí ó bá wù yín láti rí wa lójúkojú, gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè wá ni a ó wá. A kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí èsì yín tẹ̀ wá lọ́wọ́ ṣáájú oṣù Kẹwàá, nítorí ìgbà náà ni àwọn òbí ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn wá wọn bàtà, a ó sì fẹ́ sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọjọ́ náà gan-an pé alẹ́ báyìí-báyìí ni kí wọ́n mú un wá sí Wirth.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,

Alága àti Akọ̀wé, ní orúkọ gbogbo àwọn oníṣọ́ọ̀bù síkì tó fọwọ́ sí ìwé yìí.