Ìwé Ẹ̀bẹ̀: Kí Oògùn Àtọ̀sí Ajá Dé Ọ̀dọ̀ Àwa Apẹja Adágún Ọ̀yán

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
nípasẹ̀ Ẹ̀ka Ètò Ìlera.

Alága wa,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa ẹgbẹ́ apẹja, atukọ̀ àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí Adágún Ọ̀yán la kọ ìwé yìí.

Láti ọdún 1983 tí wọ́n ti ṣí dáàmù tó sé odò Ọ̀yán di adágún yìí, Èkó àti Abẹ́òkúta ń fa omi níbẹ̀, wọ́n sì ri ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta sídìí rẹ̀, mẹ́gáwáàtì 9. Epìyà àti àrọ̀ inú rẹ̀ la fi ń rán ọmọ níléèwé.

Àmọ́ kò sí èbúté gidi. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, a ní láti bọ́ sómi dé orúnkún ká tó wọ́ ọ gòkè, láàárín koríko tí ìgbín omi kéékèèké lẹ̀ mọ́. Inú ìgbín yẹn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ń gbé. Ọ̀sán gangan ló máa ń jáde jù, nígbà tí àwọn obìnrin ń fọ ẹja tí àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Ọmọ á máa tọ̀, bó bá kù díẹ̀ kí ìtọ̀ tán, á pọ́n bí omi osùn. Ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ sọ fún ìyá wọn mọ́, torí ẹgbẹ́ wọn náà ń tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti obìnrin ló ń bà wá lẹ́rù jù: ó lè sọ ọ́ di àgàn.

Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà la sì ń gbé e mì. Iléèwé ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ lọ sódò láàárọ̀ ọjọ́ náà kò rí i gbà, bàbá kò rí i gbà, ìyá tó wà nídìí ààrò kò sì sí nínú ìwé orúkọ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wá sétí omi. Ẹ sọ ọjọ́ fún wa. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní da àwọ̀n lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó lò ó lónìí tó tún bọ́ sómi lọ́la, àìsàn náà lè tún mú un. Ìdí nìyí tí a fi ń tọrọ afárá pákó tí ọkọ̀ lè sún mọ́, kànga ẹ̀rọ, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí inú ìtọ̀ wa ni ẹyin kòkòrò náà ti ń padà sómi. A ó gé igi, a ó ri òpó mọ́lẹ̀ fúnra wa. Pákó, ìṣó àti ẹ̀rọ kànga ni apá wa kò ká.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága, Akọ̀wé àti Ìyá Ẹlẹ́ja,
lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.