Ìkéde: Ọ̀rọ̀ fífọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìtọ́jú fún ẹlòmíràn

Òkun o, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kàbà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Mọ̀pà.

Látìgbà tí òfin ọdún 2022 tó dá NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, sílẹ̀ ti sọ adójútòfò náà di dandan, fọ́ọ̀mù ti pọ̀ lọ́wọ́ wa. Òun ni ilé ìwòsàn fi ń gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn adójútòfò. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i ń jẹ́rìí pé ìtọ́jú náà wáyé lóòótọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo sin ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá, ibi tí wọ́n ń kọ oògùn sí ṣófo, wọ́n ní kí n ṣáà fọwọ́ sí i. Mo kọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, abẹ́rẹ́ méjì tí Ìyá ò gbà ló wà níbẹ̀!

Ẹ jọ̀ọ́, bí aláìsàn bá lè tẹ̀ka, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, orúkọ tiyín ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ jẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì fi déètì sí i. Ẹ má fọwọ́ sí i bíi pé òun gan-an ni; ayédèrú nìyẹn, ì báà jẹ́ bàbá tó bí yín.

A ó jókòó lé e lórí ní Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nílé Alága. Ẹni tó ń fọwọ́ sí i fún òbí, kó mú káàdì wọn dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wà lóko, ẹ rán ọmọ wá. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èsì yín kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé yín