Kídìnrín aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbà tí ojú àti ẹsẹ̀ àbúrò mi wú lóṣù keje oyún rẹ̀, àwọn ìyá àdúgbò ní ìbejì ló fẹ́ bí. Àyẹ̀wò ìtọ̀ ló tú àṣírí: ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́.

Gìrì aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà ni gbogbo wa ń bẹ̀rù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ga jù, ibi tín-tìn-tín tí kídìnrín fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì lè bàjẹ́. Purotéènì, èròjà tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀, á máa bá ìtọ̀ jáde, ìtọ̀ á dín kù, àwọn mìíràn á sì nílò ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn ìkómọ ló dùn mí jù. Ọmọ nìkan ni gbogbo ojú ń wò, bẹ́ẹ̀ ewu àìsàn kídìnrín ṣì ń tẹ̀lé ìyá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo bẹ ìjọba: kí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé gbogbo ní ohun èlò àyẹ̀wò ìtọ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́ àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ fún ìyá kó tó lọ sílé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn