Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí sáyẹ́ǹsì tí à ń kọ́ ọmọ mẹ̀kúnnù

Òṣogbo,
Oṣù Kejìlá, 2025

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù Manchester o. Àwọn ọmọ ńkọ́?

O bi mí pé kí ló ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, sọ lóṣù tó kọjá, pé ìjọba ti wọ́gi lé ìlànà 2022 tó ní ká máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì. O ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n máa fi jẹun lọ́la, kí wọ́n yáa tètè bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí n wí tèmi.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi ka evaporation, ìyẹn bí omi ṣe ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, lórí geere. Mo ní kó sọ ibi tó ti rí i rí, ẹnu rẹ̀ wọhò. Bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́lùbọ́ nìyá rẹ̀! Òun ló ń bá a sá gbodo. Nígbà tí mo yí ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, òun ló wá ń da ìbéèrè bò mí: omi inú isu yẹn, ibo ló ń gbà lọ? Kí ló dé tí gbodo ìgbà ọyẹ́ fi ń tètè gbẹ ju ti ìgbà òjò lọ? Aago lù, wọn ò dìde.

Ìwọ náà ka Yunifásítì Ifẹ̀, o gbọ́ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ nì. Ní 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ọmọ kan ní St. Stephen's 'A' ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ford Foundation gbé owó kalẹ̀. Ìwé tí kò sí, wọ́n jókòó kọ ọ́. Àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá!

Mínísítà ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi ní WAEC. Àwọn wo? Àwọn tí ìlànà 2022 bá ní pírámárì kò tíì dé SS 3. Ìlànà ọ̀hún ò sì dé kíláàsì tiwa rí: kò síwèé, ẹnikẹ́ni ò pe tíṣà jọ kọ́.

Ọmọ olówó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì látorí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ ẹlẹ́lùbọ́ la máa pè ní olódo. Tó bá dàgbà, tó ń fín oògùn sóko kòkó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára ike oògùn, ìkìlọ̀ ibẹ̀ ò ní yé e, singilẹ́ẹ̀tì ló sì máa wọ̀ fín in. Ìyẹn ló ń dùn mí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà.

Àwa tíṣà mélòó kan ti ń kọ sáyẹ́ǹsì pírámárì 4 ní Yorùbá lẹ́yìn iṣẹ́. Ìwọ lo mọ àwòrán yà. Bá wa ya ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, kó tóbi tó èyí tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri, kí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí wọ́n tó wọlé ní January. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àkànkẹ́