Àbẹ̀kẹ́, ọkọ̀ rẹ ti yára ṣàánú jù

Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ìtàn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gbà. Ojú mi ò lè kà á lórí fóònù, ni mo bá ní kí ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú ìwé 31 ni. Ó ti ka ojú ìwé àkọ́kọ́ tán kó tó gbowó lọ́wọ́ mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí ni?" Mo ní ọmọ mi obìnrin ni. Ó dá igba náírà padà fún mi. O ti ń jèrè nídìí ìwé kíkọ nìyẹn o. Igba náírà rẹ wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ìyá rẹ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí ọkọ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Mo ní kò sí ọkọ̀ tí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, òun ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lo ti kó o.

O ní kí n má wulẹ̀ yìn ọ́, kí n sọ òótọ́. Ìtàn náà dùn. Rọ́bọ́ọ̀tì ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ ilé ìpamọ́ omi dídì lórí òṣùpá, tó sá níbi iṣẹ́, tó lọ rọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ sánmà kan tó ń jẹ́ Arìnnàkore, tó ní ọpọlọ tirẹ̀. Ibi tó ti ń rá pálá lórí ọkọ̀ náà nínú òkùnkùn, mo tún un kà. Ibì kan ló ń dùn mí níbẹ̀, mà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ ti iṣẹ́ ọwọ́ kúrò.

O kọ ọ́ pé Arìnnàkore gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rọ́bọ́ọ̀tì náà láti ìta. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ìró kì í rìn níbi tí kò sí ohun tí yóò gbé e. Ṣùgbọ́n má pa á rẹ́. Irin ń gbé ìró dáadáa. Nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun tí mo ti ṣiṣẹ́, ariwo pọ̀ débi pé tí o bá kígbe sí mi létí, ẹnu rẹ tó ń lọ sókè sódò nìkan ni mà á rí. Síbẹ̀ a máa ń mọ bẹ́ríìnì, irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, tó bá fẹ́ bàjẹ́. Sukudiráfà gígùn kan ni ọ̀gá wa fi kọ́ mi: wọ́n ní kí n fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ̀rọ, kí n fi ìdí rẹ̀, ibi onígi, ti egungun ẹ̀yìn etí, kí n wá di etí kejì. Bẹ́ríìnì tó dáa a máa kùn bí oyin nínú ilé rẹ̀. Èyí tó ti ń jẹra rẹ̀ a máa ta bíi gúgúrú. Bí ọkọ̀ rẹ yóò ṣe mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí òun nìyẹn: irin ni yóò sọ fún un. Yóò mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì ẹni náà wúwo ju ọ̀tún lọ. Yóò mọ ìgbà tó jókòó. Kọ ọ́ pé ìgbà tí rọ́bọ́ọ̀tì náà jókòó tí kò mira mọ́ ni ara ọkọ̀ kò gbà á mọ́.

Ti ooru ló kù. O ní òtútù ojú sánmà ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, omi òkun la máa ń fà wọlé láti mú ẹ́ńjìnnì tutù, a ó sì tú u padà sókun ní gbígbóná. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí omi, kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ. Bíi tíì inú fúláàsì ni. Ní ibùdó sánmà àgbáyé tó ń yí po lókè wa yìí, amóníà ni wọ́n ń fi yí ká inú páìpù, òun ni yóò gbé ooru náà lọ sí àwọn páànù fífẹ̀ tó wà níta, kó lè máa tàn jáde díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ rẹ bá ṣe, títí kan kó máa ronú, ooru ni. Tó bá fi gbogbo òru rò ó bóyá kí òun ṣílẹ̀kùn, ara rẹ̀ yóò gbóná. Wò ó bóyá o rí nǹkan fi ṣe níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn pàápàá, rọ́bọ́ọ̀tì, ṣé o mọ ibi tó ti wá? Ọmọ ilẹ̀ Czech kan, Karel Čapek, ló fi í sínú eré orí ìtàgé ní 1920; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Josef ló bá a wá orúkọ náà. Robota lédè wọn ni iṣẹ́ tí tálákà gbọ́dọ̀ lọ ṣe lóko onílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, 1848 ni wọ́n tó fòpin sí i nílẹ̀ wọn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo ní, áà, ìwọ̀fà! Kì í kúkú ṣe ọ̀kan náà. Ìwọ̀fà, owó ni ẹbí rẹ̀ yá. Kò sì sí bó ṣe lè ṣiṣẹ́ tó tí owó náà á fi dín, torí èlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ojú owó wà níbẹ̀ digbí. Bàbá bàbá mi ṣe é rí, oko kòkó ni wọ́n ti ṣe é, wọn kì í sì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí ìwọ̀fà bá sá, ẹbí rẹ̀ ni olówó ń lọ ká mọ́lé. Rọ́bọ́ọ̀tì tìrẹ kàn jáde lọ bí ẹni tó ti òde ìnáwó dìde. Ta ni wọ́n máa ká mọ́lé nítorí rẹ̀? Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó kù tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ibẹ̀ ńkọ́?

Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì kan ti sá lóòótọ́ o. Ní 2016, ní ìlú Perm nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ọ̀kan gba géètì tí wọ́n gbàgbé láti tì jáde, ó dé àárín títì, bátìrì rẹ̀ kú, ọkọ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀ bẹẹrẹ. Àwọn kan ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti polówó ọjà wọn ni. Ní ọdún kejì, ní Washington, rọ́bọ́ọ̀tì ẹ̀ṣọ́ kan tó ń rìn yí ilé ọ́fíìsì ká lọ ṣubú sínú adágún omi ọ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ́ síwájú ilé náà. Mo ka èyí fún ìyá rẹ. Ó ní oorun ló kùn ún, pé gáàdì ni gáàdì ń jẹ́.

Ó dáa. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó ti bírò nìyí. Ní ojú ìwé kẹfà, rọ́bọ́ọ̀tì ní, "Mo sá ni." Ọkọ̀ ní, "Wọlé, ọ̀rẹ́ mi." Ó tán. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n ti dọ̀rẹ́.

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Ìyá rẹ mọ̀ ọ́n.

Ní 1986, a gbéra ní Apapa, a ń lọ sí Yúróòpù. Kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n máa ń yan àwọn kan pé kí wọ́n yẹ gbogbo kọ́lọ́fín wò, kí ẹnikẹ́ni má baà fara pamọ́ síbẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n yàn fún mi. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ gààràgà, mo fọwọ́ sí ìwé pé mo ti wò ó. Ọjọ́ kejì tí a ti wà lójú agbami, mo lọ fi gíríìsì sí yàrá ẹ̀rọ tó ń yí ìtọ́kọ̀, pátákó irin ìdí ọkọ̀ tó ń darí rẹ̀. Mo gbọ́ kò, kò, kò. Ó dákẹ́. Kò, kò, kò. Mo gbé sukudiráfà lé ilẹ̀, mo fetí tì í. Kì í ṣe ìró ẹ̀rọ. Ọmọrí irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ṣí sí ihò orí ìtọ́kọ̀. Mo tú u. Ọmọdékùnrin kan ló ń wò mí láti ìsàlẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Iyọ̀ ti mú ètè rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìṣu, agolo mílíìkì kan wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi okùn so, gààrí ti tán nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ."

Mi ò sọ pé wọlé. Mo fún un ní omi nínú ife mi, mo wá búrẹ́dì fún un, mo sì dá ọmọrí yẹn padà, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa wọlé. Mo padà síbi iṣẹ́, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Èbúté tí a bá gbé e dé, owó ìtanràn ni. Owó ìtanràn bá dé, kápútẹ́nì á ní kí wọ́n mú ìwé wá, kí òun wo ẹni tó yẹ ìdí ọkọ̀ wò. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé omi lọ fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ wa ń lùlù, pé òun ti mọ ìlù náà, tó bá ti yí padà báyìí òun á jí. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ìlù yẹn láti ọdún mẹ́rin, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sí i, mo lọ sọ fún kápútẹ́nì. Mo lè sọ fún ọ pé torí pé òkun ti ń ru, pé omi á gbé e lọ. Òkun ń ru lóòótọ́. Ìwé tí mo fọwọ́ sí yẹn ni mo ń rò. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n tì í mọ́ kábììnì kan, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, ẹnikẹ́ni ò lù ú. Dákà, ní Senegal, ni wọ́n ti fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ife mi, ife onírin aláwọ̀ búlúù yẹn, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n yọ nínú owó oṣù mi, ó sì tán síbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá 2022, o fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi, o ti lè gbàgbé: àwọn mẹ́ta tó jókòó sórí ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ epo Alithini II, tí wọ́n gbé ọjọ́ mọ́kànlá láti Èkó dé Las Palmas, ní erékùṣù Canary ilẹ̀ Sípéènì, tí ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. O bi mí pé ṣé ó ṣeé ṣe. Mo dáhùn pé ó ṣeé ṣe, mo pa fóònù. Ní ọdún kejì àwọn mẹ́rin tún ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n rò pé Yúróòpù làwọn ń lọ, Brazil ni wọ́n bá ara wọn, ní Vitória. Oúnjẹ àti omi ti tán lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó débẹ̀. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn ò mọ ohun tó wà lórí ìtọ́kọ̀ wọn. Tìrẹ mọ̀. Torí náà, má jẹ́ kó rọrùn fún un.

Jẹ́ kó ní ìwé kan tó ti fọwọ́ sí. Jẹ́ kí olówó rọ́bọ́ọ̀tì náà bi í léèrè. Tí o bá fi ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá, ọ̀rọ̀ láti ayé á dé bá a láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ó lé díẹ̀, kò ní ráyè rò ó. Gbé e lọ sí ọ̀nà Mars. Ìgbà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ máa ń gba ogún ìṣẹ́jú kó tó débẹ̀ láti ayé, kí èsì náà tún gba ogún mìíràn. "Ṣé Ẹ̀ṣọ́ 41 wà lọ́dọ̀ rẹ?" Wọ́n ti bi í, wọ́n ń dúró, ẹnikẹ́ni ò lè rí ojú rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́wàá ni mo fẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe gbólóhùn kan.

Kí rọ́bọ́ọ̀tì náà má sì ṣe jẹ́ ẹni tí a kàn ń ṣàánú. Ní 2013, àwọn ará Japan rán rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan, Kirobo, kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ, sí ibùdó òkè yẹn kó lè máa bá Koichi Wakata, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàkúrọ̀sọ. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n rán níṣẹ́ nìyẹn, ó yàtọ̀ sí ẹni tó sá wá. Tìrẹ, ẹ̀ṣọ́ ni; kò mọ̀ ju kó máa ṣọ́ nǹkan. Jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilẹ̀kùn ọkọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, kí inú bí ọkọ̀, kí wọ́n jà. Kó tún wá rí ilẹ̀kùn kan tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé kò pa dé.

Ó ku ẹyọ kan. Ojú ìwé kẹjọ ni o ti jẹ́ kí Arìnnàkore fún un lórúkọ. Ó ti pẹ́ jù. Jẹ́ kí ó bèèrè orúkọ rẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ̀ bóyá òun á gbà á sílé. Ọmọ yẹn jẹ búrẹ́dì mi, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mi ò bi í pé kí ni wọ́n ń pè é.

Dírẹ́bà tó ń ná Ìlọrin ń gbé páálí kan bọ̀ lọ́jọ́rú. Gààrí Ìjẹ̀bú ni, àti ẹ̀wà tí ìyá rẹ ṣà. Sukudiráfà náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo fi àkísà wé e. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ fi tú fáànù. Gbé e lé ara fíríìjì rẹ lóru tí iná bá wà, kí o fetí tì í, kí o tó tún ojú ìwé kẹfà yẹn kọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ