Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ láti Torino, ní Ítálì

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Ṣé wọ́n ti gba Dàmọ́lá wọlé sí yunifásítì? Tí wọ́n bá ti gbà á, má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn o. Àlàáfíà ni mo wà. Òtútù ti dé, iṣẹ́ ń lọ, orúnkún mi ti sàn.

Ọtí kan ló gbà mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Má tíì pariwo! Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi lọ sí Barolo, abúlé kan láàárín àwọn òkè Langhe. Orúkọ abúlé náà ni ọtí wọn ń jẹ́. Èso àjàrà kan ṣoṣo, Nebbiolo, ni òfin ní kí wọ́n fi ṣe é, ó sì gbọ́dọ̀ pé oṣù 38 kí wọ́n tó tà á, 18 nínú rẹ̀ nínú àgbá onígi. Pupa rẹ̀ fúyẹ́ débi pé mò ń rí ìka mi láti ẹ̀yìn ife. Mo gbé e sí imú, ó ń ta sánsán bí òdòdó róòsì. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu, Àdùkẹ́, ó fún mi lẹ́rẹ̀kẹ́ bíi kajú tá a máa ń ká lẹ́yìn kíláàsì! Mo gbé e mì tán, adùn rẹ̀ ò tètè kúrò lẹ́nu.

Ìdílé Mascarello ló ṣe é. Giulio ló bẹ̀rẹ̀ ní 1918, Bartolo ọmọ rẹ̀ gbà á. Ọgbà mélòó kan ni wọ́n ní, wọ́n sì ń da èso wọn pọ̀ sínú Barolo kan ṣoṣo, bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń sáré ra àgbá kéékèèké tuntun kí ọtí wọn lè bá ìgbà mu, Bartolo kọ̀ jálẹ̀. Àgbá ràgàjì àtijọ́ ló ń lò. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, ó jókòó, ó ń fi ọwọ́ ya àwòrán sára bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò. Ó kọ ọ́ sórí òmíràn pé òun ò fẹ́ àgbá kéékèèké, òun ò sì fẹ́ Berlusconi, gbajúgbajà olóṣèlú Ítálì kan. Ó kú ní 2005. Maria Teresa, ọmọbìnrin rẹ̀, ló ń ṣe é lọ báyìí, kò sì yí i padà.

Bàbá mi ni mo rántí. Mo gbọ́ pé Káyọ̀dé ti ń bá àwọn kan sọ̀rọ̀ láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí òfì wọn wà. Ṣé òótọ́ ni? Inú mi ò dùn rárá. Ta ló tún mọ ẹtù hun bíi Bàbá ní gbogbo àdúgbò yẹn? Oorun ò kùn mí mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Jọ̀ọ́, bá mi dé Ìṣẹ́yìn. Jókòó ti Bàbá, kí o fi fóònù rẹ ká ọwọ́ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ta òwú, títí dé ìparí. Lẹ́yìn náà, pe Fúnmi sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọ yẹn kì í kúrò nídìí òfì tó bá ti dé láti ilé ìwé. Bi í bóyá ó wù ú láti kọ́ṣẹ́ náà. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni màá san owó òwú.

Mo ti fi owó ọkọ̀ sí àkáǹtì rẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí Káyọ̀dé mọ̀ pé èmi ni mo rán ọ.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́